Sípíkà mẹ́fà, ihò mẹ́ta lẹ́yìn kọ̀ǹpútà: kí ló dé tí iwájú nìkan ń dún?

Dẹ́lé_Òǹdó
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra sípíkà 5.1 tòkunbọ̀ kan, wúfà ńlá kan àti sípíkà kéékèèké márùn-ún. Wáyà mẹ́ta ló wà fún kọ̀ǹpútà: orí ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé, èkejì dúdú, ẹ̀kẹta àwọ̀ ọsàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ihò mẹ́ta péré ló wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà mi: búlúù, àwọ̀ ewé àti pínǹkì. Mo ki àwọ̀ ewé bọ àwọ̀ ewé, sípíkà iwájú méjèèjì àti wúfà dún dáadáa. Àwọn mẹ́ta yòókù ò fọhùn rárá. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lọ ra wáyà kan tó máa so orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú ihò kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, Realtek ni ṣíìpù ohùn tó bá bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) wá.

Akọ̀dà
Fowó ẹ pamọ́. Tó o bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ihò kan, sípíkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á dún lóòótọ́, àmọ́ ohun tí iwájú bá ń sọ lẹ̀yìn náà á máa sọ. Ìyẹn kì í ṣe 5.1, ariwo ni.

Bàbá_Risífà
Dẹ́lé, o kú ọjà. Yọ wáyà àwọ̀ ewé yẹn, gbé orí ẹ̀ sábẹ́ iná kó o wò ó dáadáa. Wàá rí òrùka dúdú tín-ín-rín méjì tó pín irin rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Ṣóńṣó orí ló ń gbé ohùn òsì, apá àárín ń gbé tọ̀tún, apá ìdí ni iná àwọn méjèèjì jọ ń gbà padà. Kò síbòmíì tí ohùn kẹta lè rọra gbà kọjá. Ihò kan, ohùn méjì, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. 5.1 jẹ́ ohùn mẹ́fà, ihò mẹ́ta ló ń gbà. 7.1 jẹ́ mẹ́jọ, ihò mẹ́rin.

Àwọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Látìgbà ìwé ìlànà PC 99 tí Microsoft àti Intel ṣe ni àwọ̀ ewé ti di ti sípíkà iwájú, tí pínǹkì di ti máìkì, tí búlúù di ti ohùn tó ń wọlé láti inú rẹ́díò tàbí ẹ̀rọ míì. Lára bọ́ọ̀dù tó ní ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà, wàá bá àwọ̀ ọsàn fún sípíkà àárín àti wúfà, dúdú fún ẹ̀yìn, àti àwọ̀ eérú fún ẹ̀gbẹ́ tó bá jẹ́ 7.1.

Tìẹ jẹ́ mẹ́ta. Àwọn tó ṣe é ò gbàgbé àwọn yòókù o, iṣẹ́ méjì-méjì ni wọ́n fún àwọn ihò yẹn. Tó o bá ti sọ fún Realtek pé 5.1 lo fẹ́, búlúù ò ní gba ohùn wọlé mọ́, sípíkà ẹ̀yìn ni á máa gbé jáde. Pínǹkì náà á fi máìkì sílẹ̀, á di ti àárín àti wúfà. Nítorí náà, wáyà dúdú ń lọ sínú búlúù, wáyà àwọ̀ ọsàn ń lọ sínú pínǹkì. Máìkì á wá máa lo ihò tó wà níwájú àpótí kọ̀ǹpútà.

Ní ti wúfà tó ń dún yẹn, má jẹ́ kó tàn ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú sípíkà báyìí, wúfà fúnra ẹ̀ ló ń ṣẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lára ohunkóhun tó bá wọlé, kódà kó jẹ́ wáyà àwọ̀ ewé nìkan lo so. Ohùn kẹfà gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní ".1", inú wáyà àwọ̀ ọsàn ló ń gbà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló ya ìyẹn sọ́tọ̀ fún ààrá, ìbúgbàù àti irú wọn, kì í sì í ga ju nǹkan bí 120 Hz lọ.

Akọ̀dà
Bó o ṣe máa sọ fún un nìyí. Tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kọ mmsys.cpl, tẹ Enter. Tẹ Speakers lẹ́ẹ̀kan, kó o tẹ Configure nísàlẹ̀, kó o wá yan 5.1 Surround. Àwòrán yàrá kan á yọjú. Tẹ sípíkà inú àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó o gbọ́ èyí tó dún nínú ilé. Ó ṣeé ṣe kó o rí 5.1 méjì: ọ̀kan fi sípíkà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èkejì fi í sẹ́yìn. Èyí tó bá mú kí wáyà dúdú ẹ fọhùn ni kó o lò.

Dẹ́lé_Òǹdó
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀dà, mo dé ibẹ̀. Stereo nìkan ló wà. Kò sí 5.1 kankan níbẹ̀.

Bàbá_Risífà
Orúkọ wo lo rí lábẹ́ sípíkà yẹn? Tó bá jẹ́ High Definition Audio Device, dráífà (ètò tó ń darí ṣíìpù ohùn) tí Windows fúnra ẹ̀ gbé wọlé lò ń lò nìyẹn. Kò mọ̀ pé àwọn ihò rẹ lè pààrọ̀ iṣẹ́. Wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀dù, lọ sójú-òpó àwọn tó ṣe é, kó o gba dráífà Realtek tiwọn sílẹ̀. Pa kọ̀ǹpútà, tún un tàn. Tó o bá ti ki wáyà bọ búlúù, fèrèsé kékeré kan á bi ọ́ pé kí lo kì bọ̀ ọ́. Má yan Line In. Rear Speaker Out ni.

Ògbójú_Linux
Ẹ má gbàgbé àwa tá à ń lo Linux náà o. Ẹ ṣí pavucontrol, ẹ lọ sí Configuration, ẹ yan Analog Surround 5.1 Output. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ speaker-test -c 6 -t wav sínú tẹ́mínà. Ohùn obìnrin kan á máa dárúkọ sípíkà kọ̀ọ̀kan fún yín. Bọ́ọ̀dù oníhò mẹ́ta tí kò bá gbọ́ràn, hdajackretask lẹ ó fi pààrọ̀ iṣẹ́ ihò rẹ̀.

Dẹ́lé_Òǹdó
Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ dráífà yẹn ni. 5.1 ti jáde, ẹ̀yìn méjèèjì ń dún. Ó ku ẹyọ kan: tí mo bá tẹ sípíkà àárín, inú wúfà ló ti ń dún, ó ń ròkè lálá. Tí mo bá tẹ wúfà, sípíkà àárín ló ń kùn yánmú-yánmú.

Bàbá_Risífà
Kò bà jẹ́. Àárín àti wúfà ló jọ wà nínú wáyà àwọ̀ ọsàn, ọ̀kan ní ṣóńṣó, ọ̀kan ní àárín irin. Gbogbo ilé iṣẹ́ ò tò wọ́n bákan náà. Nínú ojú ìwé Realtek, wá Swap Center/Subwoofer Output, kó o fi àmì sí i. Ó parí.

Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ risífà àtijọ́ (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, tó sì ń fún sípíkà lágbára) tó ní ihò RCA mẹ́fà lẹ́yìn, irú ihò róbótó tí AUX ń lò, tí wọ́n kọ 5.1 CH INPUT sí, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá fún ẹ. Ra wáyà mẹ́ta tó ní orí kékeré lápá kan, RCA méjì lápá kejì. Tí àárín àti wúfà bá ti ṣe pàṣípààrọ̀, fa RCA méjèèjì yọ kó o pààrọ̀ wọn lọ́wọ́. Irú risífà bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ ní Alaba láàárín tòkunbọ̀, àwọn èèyàn ò sì mọ iyì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ihò yẹn wé AUX ara home theatre onídíífíídì. AUX jẹ́ pupa àti funfun, ohùn méjì péré. Sípíkà mẹ́fà lè wà lára home theatre yẹn, ohùn méjì lo fún un jẹ. Ohun yòówù kó fi sípíkà ẹ̀yìn sọ, àfọwọ́dá ara ẹ̀ ni.

Tèmi_Yàtọ̀
Ẹ kú ìjókòó níbí. Èmi ò lo ihò aláwọ̀ kankan. Wáyà optical ni mo gbà láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà lọ sínú risífà, èyí tó ń tan iná pupa yẹn. Tí mo bá ń wo díífíídì, risífà á kọ Dolby Digital sójú, sípíkà ẹ̀yìn á máa ṣiṣẹ́. Tí mo bá ṣí géèmù, ó di PCM (ohùn tí wọn ò fún pọ̀), iwájú méjì nìkan ló ń dún. Mo ti yí gbogbo nǹkan inú géèmù yẹn tán. Mo rò pé optical ló dára jù, àbí wọ́n purọ́ fún wa ni?

Bàbá_Risífà
Wọn ò purọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ọdún 1983 ni Toshiba gbé wáyà oníná yẹn jáde, ọjọ́ orí ẹ̀ bá ti síídì mu. Ohùn méjì tí wọn ò fún pọ̀ ni S/PDIF, ìlànà tí ohùn fi ń gba inú ẹ̀, lè gbé. Ṣírò ẹ̀ wò: síkọ́ńdù kan ní ìwọ̀n ìgbà 48,000, ìgbà kọ̀ọ̀kan bíìtì 16, ohùn méjì. Ìyẹn jẹ́ 1,536,000 bíìtì. Ohùn mẹ́fà á jẹ́ 4,608,000. Kò sáyè fún un níbẹ̀.

Báwo wá ni díífíídì ṣe ń rí i ṣe? Torí pé wọ́n ti fún tiẹ̀ pọ̀ láti ilé iṣẹ́ ni, bí ẹni ki aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì sínú báàgì kan. Dolby Digital orí díífíídì kì í ju 448,000 bíìtì lọ ní síkọ́ńdù kan, ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì wà nínú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò ṣí i rárá, bó ṣe wà ló ṣe ń gbé e ránṣẹ́, risífà ló ń tú u. Géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló ń dá ohùn sílẹ̀: o yíjú sọ́tùn-ún, ìbọn tó wà níwájú rẹ di ti òsì. Kò sẹ́ni tó bá a fún un pọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá rí i pé ohùn mẹ́fà ò ní gba optical, á da mẹ́rin yòókù pọ̀ mọ́ méjì.

Àfi tí káàdì ohùn ẹ bá ní Dolby Digital Live tàbí DTS Connect. Àwọn yẹn ló ń fún ohùn pọ̀ bó ṣe ń jáde. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ní in, ọ̀pọ̀ ò ní. Wò ó nínú mmsys.cpl lábẹ́ Digital Output, Properties, Advanced. Tó ò bá rí orúkọ ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀, má dààmú ara ẹ mọ́, lọ lo HDMI.

Tèmi_Yàtọ̀
Hàà! Kò sí níbẹ̀. Risífà mi ní HDMI, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo fi so ó mọ́. Ṣé mo lè ti kọ̀ǹpútà bọ tẹlifíṣọ̀n, kí tẹlifíṣọ̀n wá fún risífà?

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ó tì o, arákùnrin mi. Ọ̀rọ̀ yẹn fojú mi rí màbo níbí. Kọ̀ǹpútà máa ń bi ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ bá pàdé pé "ohùn mélòó lo lè gbà?" Ẹni àkọ́kọ́ náà ni yóò dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n á ní méjì, torí sípíkà méjì ló wà lára tiwọn. Láti ìṣẹ́jú yẹn, Windows ò ní fi 5.1 hàn ẹ́ rárá. Kódà tó bá gbà, ọ̀nà ARC tí tẹlifíṣọ̀n ń gbà dá ohùn padà fún risífà ní ìṣòro kan náà pẹ̀lú optical, ohùn méjì tàbí èyí tí wọ́n ti fún pọ̀. eARC nìkan ló yàtọ̀, àwọn tẹlifíṣọ̀n àti risífà tuntun ló ní in.

Gbé HDMI láti káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà lọ tààrà sínú risífà, kó o wá gba inú risífà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Láti HDMI àkọ́kọ́ pàápàá ní 2002 ló ti lè gbé ohùn mẹ́jọ láìfún wọn pọ̀.

Tí risífà bá ti dàgbà, á fẹ́ jẹ́ kí àwòrán rẹ burú, torí HDMI 1.4 ò ju 4K ní 30 Hz lọ. Bí èmi ṣe ṣe tèmi: káàdì àwòrán mi ní ojú méjì, ọ̀kan lọ sórí mọ́nítọ̀, èkejì lọ sínú risífà fún ohùn nìkan. Ohun tó máa bí ẹ nínú níbẹ̀ ni pé Windows á rò pé risífà jẹ́ mọ́nítọ̀ kejì. Máòsì á rìn lọ sórí mọ́nítọ̀ tí kò sí, wàá máa wá a kiri, fèrèsé tó o ṣí á lọ ṣí síbẹ̀. Tẹ Windows pẹ̀lú P, yan Duplicate. Tí ìyẹn bá fa àwòrán mọ́nítọ̀ rẹ sílẹ̀, lọ sí Display, fà á kí igun wọn nìkan kanra, máòsì ò ní rọ́nà lọ mọ́.

Tèmi_Yàtọ̀
Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ. Ojú risífà ti kọ MULTI CH IN. Ẹnìkan rìn lẹ́yìn mi nínú géèmù, mo yíjú padà nínú ilé!

Àṣàkẹ́_Dídùn
Èmi ní ìbéèrè tó yàtọ̀. Ṣé gbogbo eléyìí tiẹ̀ wúlò? Orin ni mo ń gbọ́ jù. Mo ti so 5.1 tèmi bó ṣe yẹ, tí mo bá ti fi orin Fújì sí i, ẹ̀yìn á dákẹ́.

Akọ̀dà
Ó yẹ kó dákẹ́. MP3 jẹ́ ohùn méjì. Ọ̀pọ̀ fídíò YouTube jẹ́ méjì. Kọ̀ǹpútà ò lè fún ẹ lóhun tí ẹni tó gba orin sílẹ̀ ò fi síbẹ̀. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú fáìlì kan, ṣí i nínú VLC, tẹ Ctrl pẹ̀lú J, wo ibi tí wọ́n kọ Channels sí. Tó bá jẹ́ Stereo, méjì ni. Tó bá jẹ́ 3F2R/LFE, 5.1 nìyẹn: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn, àti wúfà.

Àṣàkẹ́_Dídùn
Speaker Fill tó wà nínú Realtek yẹn ńkọ́?

Bàbá_Risífà
Á da ohùn iwájú sẹ́yìn fún ẹ. Ẹ wo ìyàwó tó ń jó láàárín agbo àwọn onílù, ẹni tó bá fẹ́ràn kí ìlù yí òun ká á gbádùn ẹ̀. Èmi ò fẹ́ ẹ fún orin. Ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ ti to onílù sí òsì, ti to àwọn elégbè sí ọ̀tún, olórin wà láàárín. Tó o bá da gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn, ètò wọn á dàrú. Sípíkà méjì gidi ju mẹ́fà olówó pọ́ọ́kú lọ fún orin, mo sì máa jà lórí èyí.

Ògbójú_Linux
Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ń gbọ́ orin lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ara mi yá gágá.

Ọmọ_Agége
Kọ̀ǹpútà tèmi jẹ́ tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, kékeré pẹlẹbẹ. Ihò kan péré ló wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọ̀ ewé. Mo ra ohun USB kan ní Computer Village, wọ́n kọ 7.1 gàdàgbà sí i lára, ihò máìkì kan àti ihò ẹ́ẹ̀fóònù kan ló ní. Ibo ni àwọn mẹ́ta yòókù wà?

Akọ̀dà
Ka àwọn ihò. Ihò kan, ohùn méjì, bí Bàbá ṣe sọ lókè. 7.1 tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ti ẹ́ẹ̀fóònù: ó ń fi ọgbọ́n yí ohùn po kí etí rẹ lè rò pé ó wá láti ẹ̀yìn. Kò burú fún ẹ́ẹ̀fóònù, àmọ́ Windows 10 fúnra ẹ̀ ní Windows Sonic tó ń ṣe irú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún sípíkà, wá àpótí USB tó ní ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ohùn àbájáde. Èyí tó bá ní ṣíìpù C-Media CM6206 nínú kì í wọ́n, ó sì ń gbé ohùn mẹ́jọ jáde.

Ọmọ_Agége
Ẹ ṣé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀, ṣé tiyín náà ń kùn? Tí iná bá ti lọ, tí mo bá tan jẹ́n, wúfà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo hùùù láìjẹ́ pé mo fi nǹkan kan sí i.

Bàbá_Risífà
Kọ̀ǹpútà àti wúfà wà lójú iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àbí? Wáyà ilẹ̀ (earth) wọn ò dọ́gba, iná díẹ̀ wá ń gba inú wáyà ohùn kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Ohùn 50 Hz àti àwọn ìlọ́po ẹ̀ lò ń gbọ́ yẹn. Ti méjèèjì bọ ẹ̀kísténṣọ̀n kan náà, lọ́pọ̀ ìgbà á dákẹ́. Má ge ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára pílọ́ọ̀gì o, mo mọ̀ pé ẹnìkan á gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀, iná lè gbé ẹ. Ibí yìí gan-an ni optical ti ń yangàn: kò sí irin nínú ẹ̀, iná mànàmáná ò rọ́nà gbà.

Dẹ́lé_Òǹdó
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ti ọ̀rọ̀ yìí pa. Bẹ́ẹ̀dì mi kan ògiri, kò sáyè lẹ́yìn. Níbo ni kí n gbé sípíkà ẹ̀yìn sí? Wáyà wọn náà ò sì dé ọ̀hún.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Kò ní láti wà lẹ́yìn pátápátá. Ìlànà ITU-R BS.775 fi àárín sójú rẹ gan-an, òsì àti ọ̀tún ní dígírì 30, sípíkà ẹ̀yìn láàárín dígírì 100 sí 120. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀gbẹ́ etí, tó fà sẹ́yìn díẹ̀. Gbé wọn sára ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n ga ju etí rẹ lọ díẹ̀, kí wọ́n kọjú síra wọn.

Bàbá_Risífà
Ní ti wáyà, wo ìdí wúfà. Tó bá jẹ́ pé RCA ni sípíkà ẹ̀yìn fi wọlé, ra wáyà RCA gígùn kó o fi fà á. Tó bá jẹ́ wáyà ìhòòhò tó ń wọnú ihò tí wọ́n ń tẹ̀, wáyà iná kékeré onípupa-dúdú lásán tó, má kàn jẹ́ kó tín-ín-rín jù. Ìlà pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pa wúfà kó o tó fọwọ́ kàn án.